Okùn Ẹsẹ̀ Tí Mo Fi Òwú Léèsì So

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ etí omi Weligama, ẹ̀yin ìyá tí ẹ jókòó sẹ́yìn, àti ẹ̀yin ọmọbìnrin mẹ́jọ tí mò ń kọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti gbé inú mi fún ọdún mẹ́ta, ó ti ta gbòǹgbò, bí mo bá sì tún fi í dọ̀la, kò ní jáde mọ́. Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Dinuki, ọmọ-ọmọ Ìyá Àgbà tó ń hun léèsì, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, tó jẹ́ pé bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lẹ ó ti bá a. Mo kọ ọ́ sínú ìwé nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá ní kí n fi ẹnu lásán sọ ọ́, ibi tó dára létí nìkan ni mo máa sọ. Ẹ tún máa ń wí pé n kì í purọ́. Ohun tí mo wá tú palẹ̀ lónìí gan-an nìyẹn.

Ilé ni wọ́n ti kọ́ mi níwèé. Ikọ́ fée ló mú mi kúrò nílé ìwé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé mi wá sọ́dọ̀ òun, ó ní ibi tí òun ti ń hun léèsì kò ní eruku, ọmọ lè máa kàwé níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí òkun, ìwé lórí itan mi, ìrọ̀rí léèsì lórí itan tirẹ̀, àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a yí òwú mọ́ ń lu ara wọn kẹ́kẹ́kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohunkóhun tí mo bá mọ̀ nípa ayé, ẹnu àwọn àgbà tó wá ń jókòó tì í ni mo ti gbọ́ ọ. Mo dúpẹ́ fún un. Ẹlòmíràn jogún ilẹ̀, èmi jogún etí.

Níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, lábẹ́ igi àgbọn méjì, ni àbúrò ìyá mi, Bùrọ̀dá Asela, ń to pátákó rẹ̀ sí, àwọn pátákó gígùn tí a fi ń gun ìgbì. Àwọn tí kò gun ìgbì rí ló ń kọ́, àti àlejò àti ọmọ ilé. Ẹ mọ etí omi wa. Yanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀, omi rẹ̀ kì í ju àyà lọ títí dé ọ̀ọ́kán, ìgbì rẹ̀ a sì máa rọra yí wá bí ẹni tó ń ká ẹní. Ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń rín. Bùrọ̀dá a dúró nínú omi, a di ìdí pátákó mú, a bojú wẹ̀yìn, a ní, "Ó ń bọ̀, múra," a sì ti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ síwájú ìgbì. Kì í gbé ẹnikẹ́ni nàró. Mo rí i lọ́jọ́ kan tí ìyá àlejò kan ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fa òun lọ́wọ́ kí òun lè dìde. Ó ní, "Ìyá mi, ká tì yín ni iṣẹ́ tèmi. Ìdìde, tiyín ni."

Èmi náà fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo máa ń lálàá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Màmá mi kò sì fẹ́ gbọ́. Ó ní òkun kì í ṣe ibi tí ọmọbìnrin ń ṣeré, ó ní oòrùn á sun mí dúdú bí ìdí ìkòkò, ta ni yóò wá fẹ́ mi. Ìyá Àgbà kò tiẹ̀ gbójú sókè kúrò lórí léèsì rẹ̀ tó fi dá a lóhùn pé, "Ìwọ náà dúdú, wọ́n ṣáà fẹ́ ọ." Màmá ní kí ìyá òun jọ̀ọ́ má kọ́ ọmọ náà ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Èmi tẹrí ba sórí ìwé bí ẹni tí kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ kùtù, nígbà tí Màmá bá ti lọ ra ẹja lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀, tí Ìyá Àgbà sì wà níwájú ère Búdà pẹ̀lú òdòdó rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ pátákó pupa, èyí tó gbó jù nínú wọn, lọ sí igun ìlà-oòrùn etí omi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣubú. Mo mu omi iyọ̀ tó láti fi se ẹja odidi oṣù kan. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ nàró, ìgbì náà kò ga ju orúnkún lọ, ó sì gbé mi títí dé ibi tí yanrìn ti gbẹ, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ fún. Adìẹ Ìyá Àgbà ni mo sọ fún. Ẹ ṣe, ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ibi tí ayọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo pátákó ló ní okùn ẹsẹ̀, okùn gígùn tí a ń dè mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kí pátákó má baà sá lọ bí èèyàn bá ṣubú. Níbi tí okùn yẹn ti pàdé ìdí pátákó, okùn tín-ín-rín kan ló so wọ́n pọ̀, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, okùn ẹsẹ̀ náà há sábẹ́ òkúta, mo fà á pẹ̀lú ìbínú, okùn tín-ín-rín náà sì já. Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá sọ fún Bùrọ̀dá, yóò bi mí pé ta ló gbé pátákó wọ omi. N kò mọ ibi tó ń kó irú okùn bẹ́ẹ̀ sí. Ni mo bá ṣe ohun tó jẹ́ pé ọmọ ilé ìhunléèsì nìkan ló lè ṣe é. Mo mú òwú Ìyá Àgbà, mo ṣẹ́ ẹ po lọ́nà méjìlá, mo dì í bí irun, mo sì fi kókó tí Ìyá Àgbà fi ń parí etí léèsì so ó, kókó tí kì í fi orí rẹ̀ hàn. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ pátákó, mo fà á títí ọwọ́ mi fi pọ́n. Kò já. Ọmọ apẹja tó kéré jù ní àdúgbò yìí ì bá ti sọ fún mi pé òwú léèsì kì í ṣe òwú omi, pé iyọ̀ a máa jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi, láìjẹ́ kí ojú rí i. Ṣùgbọ́n ta ni mo bi? Ó lẹ́wà, ẹ jọ̀ọ́. Inú mi tilẹ̀ dùn sí i.

Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé Bùrọ̀dá ti yan iṣẹ́ kan fún mi. Èmi ni mo ń yẹ okùn ẹsẹ̀ gbogbo pátákó wò láràárọ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé. Ó ní ojú tó ń ka òwú léèsì kò ní ṣi okùn wò. Gbogbo ilé ló ń pè mí ní aláìlera nígbà yẹn, òun nìkan ló wá iṣẹ́ fún mi. Mo mọ okùn wo ló jẹ́ tèmi nínú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kejìlá tí mo so ó, Bùrọ̀dá wà nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ojú, ó ké sí mi.

"Dinuki, okùn ńkọ́?"

Mo ní, "Ó dáa, Bùrọ̀dá."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Imasha ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tó dé lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Ariyapala oníbúrẹ́dì bí, Bàbá Ariyapala tí Márúwá tó fi ń ta búrẹ́dì ń kọrin kiri àdúgbò wa láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Oṣù méjì lọmọ náà fi bẹ bàbá rẹ̀ kó tó gbà, ohun tó sì jẹ́ kó gbà ni pé ó ní etí omi tiwa ni, kò sí ẹni tí omi yìí ń pa lára. Bùrọ̀dá na ọwọ́ sí pátákó búlúù, Imasha ní rárá, pupa lòun fẹ́, pupa ló bá rìbọ́ǹnù òun mu. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo la ẹnu. Ẹ gbà mí gbọ́, mo la ẹnu, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ohùn jáde.

Ó gun ìgbì mẹ́ta, ó ṣubú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé Ìyá Àgbà náà ń bá a rẹ́rìn-ín láti orí àga. Nígbà tí ó ṣubú nínú ìkẹrin, okùn tí mo so já, pátákó nìkan ló padà wá sí èbúté. Omi ti ń fà lọ lákòókò yẹn, ẹ mọ bí ó ṣe máa ń fà gba ẹ̀gbẹ́ erékùṣù kékeré yẹn, níbi tí àpáta abẹ́ omi wà. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, tó yẹ kó di pátákó rẹ̀ mú, kò rí nǹkan kan dì mú. Mo rí orí rẹ̀. Mo rí rìbọ́ǹnù. Nígbà tó yá, n kò rí èyíkéyìí mọ́. Bùrọ̀dá Asela wẹ̀ lọ bí ẹja, ó gbé e bọ̀ léjìká, àpáta ti ya ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sì mí. Bùrọ̀dá tẹ àyà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, títí ọmọ náà fi wúkọ́, tí omi sì tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ikọ́ ọmọdé níbikíbi, mo máa ń dúpẹ́ lọ́kàn mi.

Ọjọ́ kẹta rẹ̀ lẹ pé jọ sí abẹ́ òrùlé yìí. Bàbá Ariyapala kò pariwo. Ó ní òun kò ní ọmọ méjì, òun fi ọ̀kan tí òun ní lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́, ìyẹn nìkan lòun wá sọ. Alága ẹgbẹ́ yìí bi Bùrọ̀dá pé ta ló yẹ okùn wò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bùrọ̀dá ń wo yanrìn. Ẹ bi í lẹ́ẹ̀mejì. Kò fèsì.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, nítorí ibí gan-an ni ìwà búburú náà wà. Okùn tí mo so, àìmọ̀kan ni. "Ó dáa" tí mo wí, ìbẹ̀rù ni. Èyí tó kàn yìí, mo ti wá orúkọ mìíràn fún un fún ọdún mẹ́ta, n kò rí i. Alága yíjú sí ibi tí mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, ó ní kí ẹ bi ọmọ yìí, kì í sọ̀rọ̀, nítorí náà kì í purọ́. Ọ̀rọ̀ náà wú mi lórí. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ìyìn, ọmọ tó farapa bọ́ lọ́kàn mi fún ìṣẹ́jú kan. Alága ní, "Dinuki, ìwọ tó o máa ń wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láràárọ̀, ta lo rí tó yẹ okùn wò?"

Mo ní, "Bùrọ̀dá ni."

Bó bá mọ síbẹ̀, ì bá ṣì sàn. Kò sí ẹni tó tún bi mí ní nǹkan kan. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi fi kún un pé, "Kò wò ó dáadáa. Fóònù ló ń tẹ̀."

Bùrọ̀dá gbójú sókè. Ó wò mí bó ṣe máa ń wo ìgbì tó ń bọ̀ lẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹni tó ń ṣírò bí yóò ṣe wúwo tó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bó ṣe wí ni."

Ẹ dájọ́ pé kò gbọdọ̀ mú akẹ́kọ̀ọ́ wọ omi yìí mọ́. Ẹnì kan nínú yín sọ lẹ́yìn pé kó kúkú lọ máa kọ́ ẹja, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Ó lọ máa kọ́ ẹja lóòótọ́: ó wọ ọkọ̀ àwọn apẹja tó ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú agbami, òun tí kò jìnnà sí èbúté tó ìṣísẹ̀ igba rí. Èébì ló fi gbogbo ìrìn àkọ́kọ́ bì, àwọn ọlọ́kọ̀ sì ń pè é ní tíṣà láti fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmọ́ kó tó lọ, ó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bá Màmá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí Dinuki máa wọ omi. Ó ti mọ̀ ọ́n." Màmá bi í pé níbo ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ń rí mi láràárọ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, pé ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lòun máa ń lúgọ sí kí òun lè tètè dé ọ̀dọ̀ mi bí mo bá rì. Màmá fẹ́ bínú, Ìyá Àgbà ní oòrùn kan náà ló ń mú àgbọn pọ́n, kò sì sí ẹni tó ń bá àgbọn jà pé ó pọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jẹ́ kí n wọ omi. Pátákó tirẹ̀ gan-an, èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè bí inú ẹyin, ó gbé e tì mí lẹ́sẹ̀, ó lọ.

Orí pátákó yẹn ni ikọ́ fée ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú mi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orí rẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ti rí mi, tí ọ̀kan wá, tí méjì wá, tí àwọn ìyá wọn ń gbé tíì wá mu létí omi láti máa ṣọ́ wa, tí wọ́n sì wá di mẹ́jọ lónìí. Ẹ ti yìn mí púpọ̀. Gbogbo ohun rere tí ẹ ń yìn mí fún, ọwọ́ ẹni tí mo tà ni mo ti gbà á.

Gbogbo ọdún tuntun wa, Bùrọ̀dá máa ń wálé láti òkun. Ẹ mọ àṣà wa, bí a bá ti jẹ ìrẹsì tí a fi wàrà àgbọn sè tán, ọmọ a gbé ìdì ewé bulath, ewé tí àwọn àgbà ń jẹ lẹ́nu, fún àgbà, a kúnlẹ̀, a tọrọ àforíjì fún ohun tí a mọ̀ àti èyí tí a kò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún Bùrọ̀dá pẹ̀lú ewé yẹn, tó gbà á, tó gbọ́wọ́ lé mi lórí, tó súre. Lọ́dún yìí, ó gbà á, kò súre. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sídìí àwọn igi àgbọn. Ó yọ agolo tíì kékeré kan jáde, ó ṣí i. Òwú léèsì ni mo rí nínú rẹ̀, ó ti di bí irun arúgbó, kókó náà ṣì wà lára rẹ̀.

Ó ní, "Mo tú u kúrò ní ìdí pátákó kí Alága tó dé ibẹ̀. Ta ni kò mọ kókó Ìyá Àgbà?"

Mo ní, "Ẹ ti mọ̀ láti ìgbà yẹn?"

"Kó o tó la ẹnu."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, pé bí àwọn èèyàn bá gbọ́ ni, wọn ì bá tì mí mọ́lé, n kò sì ní fojú rí omi mọ́ títí wọn ó fi gbé mi fọ́kọ. Ó ní tòun rọrùn, agbami ṣáà gba òun. Lẹ́yìn náà ló gbé ewé náà sókè, ó ń wò ó. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti gbé eléyìí fún mi, Dinuki, kò sí ọ̀rọ̀ nínú ọ̀kankan. Mo ti tì ọ́ dé ibi tí mo lè tì ọ́ dé."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Èmi tí mo ti ń wò ó láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti kékeré, mo mọ ohun tó kù. Mo sunkún títí imú mi fi dí. Ó dá ewé náà padà fún mi, ó ní kì í ṣe òun ló yẹ kí n kọ́kọ́ gbé e fún.

Nítorí náà, nírọ̀lẹ́ àná, nígbà tí Bàbá Ariyapala ń darí bọ̀, mo dúró sí ojú ọ̀nà. Ó rò pé búrẹ́dì ni mo fẹ́ rà. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ó pa orin Márúwá náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orin náà dákẹ́ ní àdúgbò wa. Mo sọ ọ́ tán. Ó ní òun kò lè purọ́ fún mi pé ó ti tán nínú òun, ṣùgbọ́n kí n lọ sọ ọ́ níbi tí mo ti pa irọ́ náà, kí gbogbo etí tó gbọ́ tàkọ́kọ́ gbọ́ èyí. Imasha jókòó lẹ́yìn rẹ̀ láàárín àwọn àpótí búrẹ́dì. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá báyìí, ẹ ń rí bó ṣe ń fa ẹsẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe nítorí pé mò ń rẹ́rìn-ín?"

Ọdún mẹ́ta lọmọ yìí fi rò pé ẹ̀rín òun ló jẹ́ kí òkun mú òun. Ìdí tí kò fi wọ omi mọ́ nìyẹn, ìdí tí ẹ fi ń sọ pé ó ti di ọmọ jẹ́jẹ́ nìyẹn. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀rín, pé òwú ni, pé èmi ni. Ó mú ọ̀kan nínú ewé náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Nígbà yẹn, mo lè padà wá." Bàbá rẹ̀ bojú wo ibòmíràn, ó sì tan orin rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, òwú náà ló wà nínú agolo yìí, níwájú Alága. Ẹ dá omi padà fún Bùrọ̀dá Asela. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tí ẹ ó lé kúrò nínú rẹ̀, èmi nìyí, ìdájọ́ yín kò ní wúwo ju ẹrù tí mo ti gbé fún ọdún mẹ́ta lọ. Bùrọ̀dá, ẹ̀yin tí ẹ dúró sẹ́yìn yẹn bí ẹni pé ẹ kàn ń kọjá lọ, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun fún ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ẹ lúgọ sí. Ẹ ṣeun fún pátákó. Ẹ ṣeun fún ọdún mẹ́ta yín tí ẹ fi ra ọdún mẹ́ta tí mo fi ń fò lórí omi. Imasha, dárí jì mí nígbà tó bá wù ọ́, má kánjú.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin mi mẹ́jọ, láti ọ̀la lọ, kálukú ni yóò máa yẹ okùn tirẹ̀ wò, tí yóò sì tún yẹ ti ẹnì kejì rẹ̀ wò. Bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ ké. Ẹ má ṣe fi ohun tó lẹ́wà bò ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá sì sọ fún yín pé ẹni tó dákẹ́ kì í purọ́, ẹ rántí mi.

Ìyá Àgbà ni mo bẹ̀ pé kó bá mi ka ìwé yìí. Láàárọ̀ òní ló wá ń sọ pé ojú òun kò ríran kàwé mọ́, òun tó hun léèsì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì lánàá. Ó ní kí n dìde kà á fúnra mi. Ẹ wò mí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ì bá tẹ́ mi lọ́rùn lónìí. Ṣùgbọ́n mo ti dìde.